Ta ló sọ fún wọn pé orin yìí ti kú?

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi èyí sójú ìwé ìròyìn yín, nítorí inú ń bí mi. Lálẹ́ Jímọ̀ tó kọjá, mo gbé oúnjẹ kalẹ̀, mo tan rédíò ìlú wa níbí ní Sheffield, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, agogo mẹ́sàn-án ṣẹ̀ṣẹ̀ lù. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ètò orin rọ́ọ̀kì ayé 1980, èyí tí wọ́n ń pè ní glam metal, ni mo ń retí, ti àwọn onígìtá onírun gígùn tó mọ àríyá í ṣe, tí wọ́n á tún wá fi orin ìfẹ́ gba omi lójú èèyàn. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù tí wọ́n ti sọ látàárọ̀ ni wọ́n tún ń sọ.

Mo pè wọ́n lọ́jọ́ Ajé. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù ní ìwà, kò sí ẹ̀bi lọ́rùn tiẹ̀. Ó ní àwọn ọ̀gá òun ló wọ́gi lé ètò náà, pé wọ́n ní irú orin bẹ́ẹ̀ ti kú, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ọ mọ́ àyàfi àwọn àgbàlagbà.

Ó ti kú! Nígbà wo ló kú? Ta ló sin ín?

Lọ́jọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, mo wà ní Bramall Lane, pápá bọ́ọ̀lù tó wà ní ìgboro wa níbí. Def Leppard, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ní Sheffield yìí ní 1977, ló wá kọrin nílé, ẹgbẹ́ Mötley Crüe sì tẹ̀ lé wọn wá láti Los Angeles. Màmá kan dúró níwájú mi, ó fi ọ̀pá tilẹ̀. Nígbà tí orin ìfẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọ̀pá fún ọmọdébìnrin tó bá a wá, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. Ọmọ yẹn ò lè ju ọdún mẹ́rìndínlógún lọ. Ó há ọ̀pá náà sábíyá, ó sì ń kọ orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò ṣi ọ̀rọ̀ kan sọ. Ṣé àgbàlagbà lòun náà? Bí ẹ bá gbójú wo òkè, iná fóònù ló kún gbogbo ìjókòó. Òkú orin kọ́ ló ń kó irú èrò bẹ́ẹ̀ jọ.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á bi mí pé kí ló kan ọmọ Ìbàdàn nínú orin òyìnbó onírun. Ó kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Mo dé ìlú yìí ní ìparí ọdún 1987, iṣẹ́ alẹ́ ni mo rí ní ọsibítù kan, mo ń fi kẹ̀kẹ́ ti àwọn aláìsàn láti wọ́ọ̀dù lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ. Òtútù ń mú mi, mi ò sì gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń sọ níbí. Ọkùnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ fún mi ní kásẹ́ẹ̀tì Hysteria, àwo orin Def Leppard tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lóṣù Kẹjọ ọdún yẹn. Ó ní, "Àwọn ọmọ àdúgbò wa nìyẹn." Èmi tí mo fi etí gbọ́ gìtá Sunny Adé dàgbà, mo mọ gìtá tó bá ń sọ̀rọ̀. Gìtá inú kásẹ́ẹ̀tì yẹn ń sọ̀rọ̀.

Ọkùnrin yẹn náà ló sọ ìtàn onílù wọn fún mi. Ní ọjọ́ tó gbẹ̀yìn ọdún 1984, ọkọ̀ Rick Allen dojú dé lójú ọ̀nà kan lẹ́yìn ìlú wa yìí, ó sì pàdánù apá òsì rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ò wá onílù mìíràn. Wọ́n ní kó gbara dì, àwọn á dúró dè é. Wọ́n ṣe ìlù oníná mànàmáná fún un, tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ òsì ló ń tẹ ohun tí ọwọ́ òsì ń lù tẹ́lẹ̀. Lóṣù Kẹjọ ọdún 1986, wọ́n gbé e jáde níbi àjọ̀dún orin ní Donington, níwájú ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ èèyàn. Ọ̀rẹ́ mi wà níbẹ̀. Ó ní nígbà tí wọ́n dárúkọ onílù náà, ariwo tó sọ kì í ṣe ariwo orin mọ́, àwọn ọkùnrin ń sunkún. Irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀gá rédíò jókòó sórí àga tí wọ́n ń sọ pé orin wọn ti kú.

(Àwọn Def Leppard fúnra wọn kì í fẹ́ kí wọ́n pe àwọn ní ẹgbẹ́ glam metal. Mo gbà fún wọn. Ṣùgbọ́n inú agbo kan náà ni àwa tí a fẹ́ràn wọn ti ń jó.)

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi gan-an. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1989, ìyá mi kú n'Íbàdàn. Owó ọkọ̀ òfuurufú ò sí lọ́wọ́ mi, wọ́n sìnkú láìsí mi níbẹ̀. Ní òru ọjọ́ ìsìnkú yẹn, mo wà nínú yàrá tí a ń kó aṣọ ìbùsùn sí ní ọsibítù, rédíò kékeré kan wà lórí pẹpẹ. "Every Rose Has Its Thorn" ti ẹgbẹ́ Poison ló ń kọ, orin tó ti gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kejìlá tó ṣáájú. Gìtá kan ṣoṣo ló fi bẹ̀rẹ̀. Mo jókòó sórí aṣọ tí wọ́n ká jọ, mo sunkún títí mo fi gbọ́ ìró ẹsẹ̀ nọ́ọ̀sì. Ìgbà tó pẹ́ ni mo wá gbọ́ ìròyìn tí Bret Michaels, olórin wọn, ń ṣe nípa bó ṣe kọ ọ́. Ó ní ibi ìfọṣọ kan ní Dallas lòun ti ń dúró de aṣọ òun, lòun bá pe olólùfẹ́ òun lórí fóònù, òun sì gbọ́ ohùn ọkùnrin mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Àárín aṣọ ló ti kọ orin náà, àárín aṣọ ni orin náà ti bá mi.

Bí wọ́n ṣe ń kọ irú orin ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ nìyí. Ohùn á lọ sílẹ̀ bí ẹni tó ń bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀ àṣírí, gìtá tàbí dùùrù kan á máa gbè é. Ìlù á wọlé lẹ́yìn náà. Tó bá di ègbè, gbogbo wọn á pohùn pọ̀, gìtá ńlá á wá gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu olórin, á sunkún tiẹ̀. Èèyàn tó ti ń pa á mọ́ra tipẹ́ á lè pariwo. Orin àríyá wọn ń kọ́? Ìyẹn ni ti àwọn tó ti fi ọjọ́ márùn-ún ṣiṣẹ́ irin tàbí ṣiṣẹ́ alẹ́, tí wọ́n fẹ́ fò sókè lálẹ́ Jímọ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi kú, tí kò sì lè kú.

Àwọn mìíràn á sọ pé àwọn olórin yìí ń kun àtíkè, wọ́n ń wọ ṣòkòtò obìnrin. Nílé wa, ọkùnrin ló ń wọ aṣọ obìnrin jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tòun ti ọmú igi láyà, a sì ń bọ̀wọ̀ fún un.

Láti ọdún 1991 tí Nirvana, ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì tó ń kọ irú orin mìíràn, ti gbòde ni àwọn aláṣẹ yìí ti ń kéde òkú. Àwọn tó ń yan olórin sínú ilé ọlá rọ́ọ̀kì ní Cleveland l'Amẹ́ríkà náà ò sàn jù wọ́n lọ. Def Leppard gbé àwo orin wọn àkọ́kọ́ jáde ní 1980, ọdún 2019 ni wọ́n tó rántí wọn. Kò sí ìgbà kankan tí wọ́n bi àwa tí a ń ra tíkẹ́ẹ̀tì léèrè ọ̀rọ̀. Wọ́n ti sọ ọ́ láàárín ara wọn pé ó ti kú, ó tán.

Ohun tí mo ń fẹ́ ò le. Kí wọ́n dá wákàtí méjì padà fún wa lálẹ́ Jímọ̀, agogo mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá. Kí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó máa ṣe é jẹ́ èèyàn tó wà ní Sheffield, tó mọ àdúgbò, kì í ṣe ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ láti London. Wákàtí kìíní, kó jẹ́ orin àríyá: Ratt, Quiet Riot, Mötley Crüe. Kí wọ́n ṣí fóònù sílẹ̀ ní agogo mẹ́wàá, kí àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ pè wọlé, nọ́ọ̀sì, awakọ̀ bọ́ọ̀sì, àwọn olùṣọ́. Kí oníkálukú dárúkọ ẹni tó fẹ́ kí wọ́n kọrin fún, àti ìdí rẹ̀. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó gbẹ̀yìn, orin ìfẹ́ nìkan, kí wọ́n má sọ̀rọ̀ lé e lórí, kí wọ́n má sì gé gìtá ìparí rẹ̀ kúrò nítorí ìpolówó ọjà. Bí wọn ò bá rí ẹni tó máa pè, kí wọ́n pe èmi, màá wá fún wọn ní orúkọ ogójì èèyàn.

Kí àwọn aláṣẹ ìlú wa náà sì kọ́ ilé kan tí a ti lè rí ìlù Rick Allen.

Àwọn ọmọ wa tó wà nídìí iṣẹ́ rédíò níbí àti nílé, bí ẹ bá ka lẹ́tà yìí, ẹ má jẹ́ kí ọ̀gá kankan sọ fún yín pé ó ti kú. Jímọ̀ tó ń bọ̀, agogo mẹ́sàn-án, màá tún tan rédíò náà.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ Ìbàdàn, Sheffield