Àdùkẹ́, Kó O Tó Bọ́ Bàtà Sórí Òkúta

Òkè-Fìà, Òṣogbo.

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Ẹ̀gbọ́n rẹ sọ fún mi pé ìrora tó ń ti ìdí rẹ já bọ̀ sí itan, tó ń ta ọ́ dé ọmọ ìka ẹsẹ̀, ló mú kó o fẹ́ máa fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí òkúta. Mi ò ní kó o má ṣe é. Ṣùgbọ́n mọ ohun tó lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe.

Ó jọ pé iṣan ìmọ̀lára ńlá tí wọ́n ń pè ní sciatic ló ń dùn ọ́. Ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn ló ti ṣẹ̀, ó gba inú ìdí kọjá sí ẹ̀yìn itan. Lọ́pọ̀ ìgbà, tìmùtìmù tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn ló yọ síta tó ń tẹ̀ ẹ́. Òkúta kò lè ti tìmùtìmù yẹn padà. Ohun tó ń ṣe ni pé àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ á mọ ilẹ̀, ìṣísẹ̀ rẹ á kúrú, wàá sì dìde lórí àpótí tó o fi jókòó ti ìkòkò aró láti àárọ̀. Lójú tèmi, ìdìde yẹn gan-an ni ìdajì oògùn.

Kọ́kọ́ dán ẹsẹ̀ náà wò. Di ojú, kí ẹnì kan fi òwú kan àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ káàkiri. Bí ibì kan bá wà tí o kò mọ̀ ọ́n lára, má bọ́ bàtà rárá, nítorí ìṣó lè wọlé kó o má mọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ẹni tó bá ní ìtọ̀ ṣúgà.

Ẹ̀yìnkùlé ni kó o ti ṣe é, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tó o lè fọwọ́ tì. Gbá ibẹ̀, ṣa ìṣó àti àfọ́kù ìgò kúrò. Sá fún erùpẹ̀ tútù tí èèyàn tàbí ajá ń yàgbẹ́ sí, aràn ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé. Tẹ́ yanrìn odò tó o ti fọ̀, tó o sì ti sá gbẹ, kó gùn tó ìṣísẹ̀ 6. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni òkúta odò roboto, tí kò ju èkùrọ́ lọ. Má ra èyí tí wọ́n fi ń po kọ́ńkéré. Ẹnu rẹ̀ mú.

Má ṣe é bó o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Omi máa ń kún inú tìmùtìmù ẹ̀yìn lóru, jẹ́ kó tó wákàtí kan. Ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn náà kọ́, yanrìn á jó ọ. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, yanrìn nìkan, ìṣẹ́jú 3 láàárọ̀, 3 nírọ̀lẹ́. Ọ̀sẹ̀ kejì, ìṣẹ́jú 5. Tí ara bá gbà á, fi ìṣẹ́jú 1 péré kún un lórí òkúta.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ṣe rèé: òkúta á gún wọn, wọ́n á ká ọmọ ìka ẹsẹ̀ kò, wọ́n á gbé ìbàdí sápá kan. Ẹran ẹ̀yìn á le gbagidi, ìrora á wá pọ̀ sí i. Bí ìbàdí rẹ bá ti ń yẹ̀, padà sórí yanrìn. Gbé gìgísẹ̀ lélẹ̀ jẹ́jẹ́, kí àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀ lé e, wo iwájú, máa mí.

Ibi tí ìrora ń lọ ni kó o máa ṣọ́. Tó bá ń kúrò lẹ́sẹ̀, tó ń gòkè padà sí ìdí, ó dáa, kódà bí ìdí bá ń ro ọ́ díẹ̀. Tó bá ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí ọmọ ìka, dáwọ́ dúró lọ́jọ́ yẹn. Má sì jẹ́ kí òkúta tàn ọ́: bó ṣe ń gún ọ lè bo ìrora itan mọ́lẹ̀ fúngbà díẹ̀, kì í ṣe pé ó ti lọ. Ó sábà máa ń tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kó tó rọlẹ̀.

Àmọ́ bí abẹ́ rẹ àti àárín itan bá kú, tí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ ò ṣeé mú dání, tí ìtọ̀ kọ̀ tí ò jáde, tàbí tí ẹsẹ̀ bá ń wọ́ nílẹ̀, má dúró kí ilẹ̀ tó mọ́. Máa lọ sí ilé ìwòsàn ńlá UNIOSUN lójú ẹsẹ̀, kó o sì pè mí lójú ọ̀nà. Màá bá ọ níbẹ̀.

Ìyá rẹ.