Ẹ Yẹ Táńkì Wò Kí Ẹ Tó Dá Pọ́ǹpù Lẹ́bi

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àti gbogbo àwọn tó ń bá yín gbé ojú ìwé ọkọ̀ jáde. Mi ò kì í fò ó. Ṣùgbọ́n ìdáhùn tí ẹ fún ẹni tó kọ̀wé sí yín nípa píkọ́ọ̀pù rẹ̀ àtijọ́ ló mú mi gbé kálámù lónìí. Ẹni náà ní ọkọ̀ òun á sáré dáadáa fún bí ogójì ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n jìgìjìgì, á sì kú. Bí òun bá dúró díẹ̀, á tún dìde bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é rí. Ẹ ní kó pààrọ̀ pọ́ǹpù epo. Ẹ ní bí ìyẹn ò bá yanjú rẹ̀, kó pààrọ̀ kábúrétọ̀, ẹ̀rọ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì.

Olóòtú, ìmọ̀ràn yẹn gan-an ni wọ́n fún èmi náà, mo sì tẹ̀ lé e. Pọ́ǹpù méjì ni mo rà láàárín oṣù mẹ́ta. Mo tú kábúrétọ̀ palẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo fọ̀ ọ́, mo pààrọ̀ gbogbo ròbá inú rẹ̀. Ọkọ̀ ò yéé kú. Ohun tó ń ṣe é kò sí lábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì rárá. Ẹ̀yìn ló wà, nínú táńkì, níbi tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò bojú wò. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá.

Bàbá mẹkáníìkì kan tó ti fẹ̀yìn tì ló là mí lójú. Ó bá mi lẹ́bàá ọ̀nà, bónẹ́ẹ̀tì wà ní ṣíṣí, ọwọ́ mi ti dúdú. Bàbá ò tilẹ̀ wo ẹ́ńjìnnì. Wọ́n bi mí pé, "Ọmọ mi, bó bá kú báyìí, ṣé o máa ń ṣí ìdérí táńkì?" Mo ní, "Rárá, Bàbá. Kí ni kí n ṣí i fún?" Wọ́n ní, "Lọ ṣí i, kí o sì dẹtí." Bí mo ṣe ń yí ìdérí náà, afẹ́fẹ́ fà wọlé, fùùù, ó sì pẹ́ díẹ̀ kó tó dákẹ́. Mo padà sídìí kọ́kọ́rọ́, mo tan ọkọ̀, ó dìde lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí pọ́ǹpù ṣe ń fa epo kúrò nínú táńkì, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ máa wọlé láti gba àyè rẹ̀. Ẹni tó bá ti fẹnu mu omi nínú ike rírọ̀ rí ti mọ bí ike náà ṣe máa ń rún mọ́ra. Táńkì irin kò lè rún bẹ́ẹ̀, nítorí náà ńṣe ló máa ń di epo mú, pọ́ǹpù á fà á títí, kò ní rí nǹkan kan fà mọ́. Bí ọkọ̀ bá wá dúró, afẹ́fẹ́ á máa yọ́ wọlé díẹ̀díẹ̀, ọkọ̀ á sì tún gbà. Ìdérí mi àtijọ́ ló sọnù, mo sì ra òmíràn tó bá ẹnu táńkì mu rẹ́gí, àmọ́ kò ní ihò tí táńkì lè fi mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ síbi tí gbogbo èèyàn á ti rí i: ìdérí oríṣi méjì ló wà. Ti àwọn ọkọ̀ kan máa ń mí fúnra rẹ̀. Ti àwọn mìíràn dí pa, páìpù kan ló ń gbé ooru epo, ìyẹn epo tó ti di bí afẹ́fẹ́, lọ sínú agolo eléèédú tó wà nítòsí ẹ́ńjìnnì, ibẹ̀ ni táńkì ti ń mí. Kí onímọ́tò tó ra ìdérí tuntun, kó mọ èyí tí ọkọ̀ tirẹ̀ ń lò.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan, ọkọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ ìṣe rẹ̀, bí mo bá sì ṣí ìdérí, kò sí fùùù mọ́. Ìgbà yìí ni mo já fílítà tó wà lójú ọ̀nà epo, mo da ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí aṣọ funfun. Ẹrẹ̀ pupa ló bọ́ síbẹ̀, tó kúnná bí àtíkè. Mo wá já táńkì sílẹ̀. Nígbà tí mo yọ ẹ̀rọ tó ń sọ fún géèjì iye epo tó kù, tí mo sì yẹjú wo inú, ìsàlẹ̀ táńkì náà ti dípẹtà, èèpá rẹ̀ sì ti ń ṣí bí awọ igi. Èèpá wọ̀nyẹn ló ń léfòó káàkiri. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, epo á fà wọ́n mọ́ asẹ́ tó wà lẹ́nu páìpù, wọ́n á dí i. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, tí fífà bá dáwọ́ dúró, wọ́n á já bọ́ kúrò lẹ́nu asẹ́, ọ̀nà á tún là. Ẹ wò ó bí ó ṣe jọ àìsàn ìdérí! Ìdí rèé tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe dá ẹnikẹ́ni lóhùn pé "pààrọ̀ pọ́ǹpù" láìtíì bi í léèrè ọ̀rọ̀.

Ohun tó dá ìpẹtà náà sílẹ̀ ni pé ọkọ̀ ti wà lójú kan fún ìgbà pípẹ́, epo inú rẹ̀ kò sì ju ìdajì lọ. Nínú àyè tó ṣófo lókè epo ni afẹ́fẹ́ ti ń di ìrì, omi sì wúwo ju epo bẹntiróòlù lọ, ìsàlẹ̀ ló ń lọ jókòó sí, tí á sì máa jẹ irin. Epo tí wọ́n bá po ẹ́tánọ́ọ̀lù mọ́ tún máa ń fa omi mọ́ra. Bí omi náà bá ti pọ̀ ju èyí tó lè gbé lọ, òun àti ẹ́tánọ́ọ̀lù á jọ yà kúrò lára epo, wọ́n á sì rọ̀ sí ìsàlẹ̀. Epo tó bá pẹ́ jù pàápàá á di ohun tó ń lẹ̀ bí oje igi, á sì dí àwọn ihò tíntìntín inú kábúrétọ̀.

Àyẹ̀wò kan wà tí ì bá ti gbà mí sílẹ̀, kò sì gba ju wákàtí kan lọ. Ẹ da epo tó mọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì kékeré kan, ẹ so ó mọ́lẹ̀ dáadáa jìnnà sí ibi gbígbóná, kí ẹ sì fi ròbá epo tuntun gbé e wọ ẹnu pọ́ǹpù tààrà, láìgba táńkì àti páìpù kọjá. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì lórí ìdúró, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ pẹ́, kí ẹnì kan sì dúró tì í. Bí ọkọ̀ bá ṣiṣẹ́ dáadáa, pọ́ǹpù ò jẹ̀bi, kábúrétọ̀ ò jẹ̀bi. Ẹ̀yìn ni kí ẹ lọ wá a. Bí ó bá ṣì ń kú, ẹ mọ̀ pé iwájú ló wà. Ìgbà yẹn ni kí ẹ wọn pọ́ǹpù. Ẹ yọ wáyà kọ́ìlì kí iná má bàa ta, ẹ yọ ròbá tó wọ kábúrétọ̀, ẹ ti ẹnu rẹ̀ bọ inú ìgò tó ní àmì ìwọ̀n, kí ẹnì kan wá fi kọ́kọ́rọ́ yí ẹ́ńjìnnì náà. Pọ́ǹpù tí ara rẹ̀ dá yóò pọn tó nǹkan bí ìdajì lítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá 30. Ẹ́ńjìnnì tó ti tutù pátápátá ni kí ẹ ṣe èyí fún.

Mi ò sọ pé pọ́ǹpù kì í bàjẹ́ o. Ti àtijọ́ tí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ń tì ní awọ kan nínú tó máa ń ya, tí epo á sì máa jò sínú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó bá fa ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì yọ, tó rí i pé ọ́ìlì ti pọ̀ sí i, tó sì ń rùn bí epo bẹntiróòlù, kó má tan ọkọ̀ náà mọ́ títí yóò fi pààrọ̀ pọ́ǹpù àti ọ́ìlì.

Ohun tó tún ń bà mí lẹ́rù ni irú pọ́ǹpù tí àwọn èèyàn ń rà sínú ọkọ̀ àtijọ́. Ilé iṣẹ́ Bosch ti gbé ẹ̀rọ D-Jetronic, tó ń fi iná mànàmáná darí nọ́sù tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, jáde láti 1967, ṣùgbọ́n kábúrétọ̀ ni ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù ṣì ń lò títí wọ inú àwọn ọdún 1980. Kábúrétọ̀ kò fẹ́ agbára púpọ̀. Psi 4 sí 7 ti tó o (psi ni wọ́n fi ń wọn agbára tí pọ́ǹpù fi ń ti epo). Ọkọ̀ tó ń lo nọ́sù lè nílò psi 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá gbé pọ́ǹpù ọkọ̀ onínọ́sù sára ọkọ̀ oníkábúrétọ̀, tí kò fi ohun tó ń dín agbára rẹ̀ kù sí i, abẹ́rẹ́ tó ń dí ọ̀nà epo nínú kábúrétọ̀ kò ní lè dí i mọ́. Epo á kún, á ṣàn sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná. Mo ti rí ọkọ̀ tó jóná báyìí, ẹni tó ni ín sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á lọ́wọ́ mẹkáníìkì ní àárọ̀ ọjọ́ náà ni. Ó bọ́ síta láìfarapa, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ròbá epo. Gbogbo wa la mọ̀ pé ròbá tó ń jò ti bàjẹ́. Àmọ́ láàárín táńkì àti pọ́ǹpù, fífà ni pọ́ǹpù ń fa epo, kò tì í. Ròbá tó bá sán níbẹ̀ lè má kán epo sílẹ̀ rárá; afẹ́fẹ́ ló máa ń fà wọlé, ọkọ̀ á sì máa kú, ẹnikẹ́ni ò ní rí ẹ̀kán kan. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kọrọdọ láàárín ìka méjì. Bó bá sán tàbí tó ti le bí igi, ẹ gé e sọnù. Ẹ sì ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sí ara tuntun tí ẹ fẹ́ rà: SAE 30R7 (SAE ni àjọ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀ tó gbé ìlànà náà kalẹ̀) wà fún ọkọ̀ oníkábúrétọ̀, 30R9 wà fún onínọ́sù, èyí tó máa rì sínú epo nínú táńkì sì ní tirẹ̀, 30R10. Ròbá omi kò ṣeé fi rọ́pò wọn, bó ti wù kó rí jọra tó. Páìpù bàbà náà kì í pẹ́ lára ọkọ̀, nítorí gbígbọ̀n ojú ọ̀nà máa ń mú kó le kó sì kán.

Mi ò lè dákẹ́ lórí ewu tó wà nínú iṣẹ́ yìí. Àwọn kan ṣì ń fi ẹnu fa epo nínú táńkì. Epo tó bá gba ọ̀nà òdì lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, bó ti wù kó kéré tó, lè dá àìsàn tó le sílẹ̀, ó sì lè pani. Pọ́ǹpù ọwọ́ kékeré wà fún un. Àwọn mìíràn á gbé táńkì tó ń jò lọ bá wẹ́dà, wọ́n á ní ó ti ṣófo. Táńkì tó ṣófo ló léwu jù! Bí ooru epo bá ti tó nǹkan bí 1.4 sí 7.6 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, iná kékeré kan ti tó láti fọ́ ọ bí bọ́ǹbù. Ooru yìí tún wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń wọ́ tọ̀, ó sì ń kó jọ sínú kòtò tí àwọn mẹkáníìkì ń wọ̀. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, kí ẹ yọ orí bátìrì tó ní àmì òdì kí ẹ tó tú páìpù èyíkéyìí, kí ohun ìpaná sì wà nítòsí ọwọ́.

Ohun tí mo ń tọrọ lọ́wọ́ yín kò pọ̀. Ẹ tún ìdáhùn yẹn kọ fún ẹni tó bi yín léèrè, kó tó ná owó rẹ̀ lórí ohun tí kò bàjẹ́. Ẹ bi í bóyá ó ń gbọ́ ìró afẹ́fẹ́ bó bá ṣí ìdérí, kí ẹ sì ní kó da fílítà rẹ̀ sórí aṣọ funfun. Mo gé nǹkan bí íńṣì mẹ́ta lára ròbá mi àtijọ́, mo sì bu díẹ̀ nínú èèpá tí mo kó jáde nínú táńkì sínú ìwé. Mo ti fi àwọn méjèèjì sínú àpòòwé yìí. Wọ́n ti gbẹ, wọn ò ní òórùn epo mọ́. Bí àyè bá gbà yín, ẹ ya àwòrán wọn sójú ìwé ọkọ̀, kí àwọn tó ń kà á lè dá wọn mọ̀ bí wọ́n bá rí irú wọn lára ọkọ̀ tiwọn.

Èmi ni tiyín tòótọ́,
Òǹkàwé tó ń wa píkọ́ọ̀pù àtijọ́