Ẹ fi orí igi sílẹ̀, ìdí rẹ̀ ni kí ẹ wò

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Mo ka ìmọ̀ràn tí ìwé ìròyìn yín gba àwọn onílé lọ́sẹ̀ tó kọjá, pé kí ìgbà ìjì tó dé, kí kálukú wá ẹni tó máa bá a bẹ́ orí igi ńlá tó wà nítòsí ilé rẹ̀. Ẹ tiẹ̀ gbé àwòrán igi kan sí i, tí wọ́n ti gé gbogbo apá rẹ̀ ní kúkúrú, tó wá dúró gbagidi bí òpó iná. Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé igi tí wọ́n tọ́jú nìyẹn. Ẹ má bínú sí mi o, igi tí wọ́n ṣe léṣe ni. Mo mọ̀ ọ́n torí pé èmi náà ti fowó ara mi ṣe irú rẹ̀ rí.

Igi máńgòrò kan wà lẹ́yìn ilé wa, bàbá ọkọ mi ló gbìn ín. Nígbà tí ìjì ká òrùlé aládùúgbò wa lọ, àyà mi já, mo pe ọmọkùnrin méjì kan tó ní ayùn ẹlẹ́ńjìnnì. Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, wọ́n ti sọ igi náà di kùkùté gíga. Kò pẹ́ tó fi rúwé. Ọ̀mùnú yọ yí gbogbo ojú ibi tí wọ́n gé ká, ó ṣù jọ bí ìgbálẹ̀, inú mi sì ń dùn pé ara igi ti yá. Lọ́dún kẹta, atẹ́gùn kan fẹ́ lọ́sàn-án, kò tilẹ̀ tó ohun tí à ń pè ní ìjì, ni ẹ̀ka tuntun kan tó ti tóbi tó itan mi bá já lu táǹkì omi wa. Mo lọ wo ibi tó ti já. Igi ò ya níbẹ̀ rárá. Ńṣe ló ṣí kúrò lára ìyá rẹ̀ bí ìgbà téèyàn ṣí bébà tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀. Mo wá ki ìka bọ ojú ọgbẹ́ àtijọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wọlé dé oríkèé kejì. Inú igi náà ti rọ̀ bí kànìnkànìn tó mumi.

Ìgbà yẹn ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn tó mọ̀ nípa igi léèrè. Ewé ni igi fi ń ṣe oúnjẹ ara rẹ̀. Bí ẹ bá kó gbogbo ewé lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ebi ti dé nìyẹn, á wá fi ìwọ̀nba oúnjẹ tó kó pamọ́ ta ọ̀mùnú jáde lábẹ́ èèpo, wàrà-wàrà. Ẹ̀ka tí igi bí fúnra rẹ̀ láti kékeré ti bá a dàgbà lọ́dọọdún, igi wé mọ́ igi. Ti ọ̀mùnú yìí ò rí bẹ́ẹ̀, awọ ara lásán ló dì mú, bẹ́ẹ̀ ó ń sanra lójoojúmọ́. Èèpo tó wà lábẹ́ ìbòòji látọjọ́ yìí á tún bọ́ sínú oòrùn gangan, á jóná. Ooru àti ọ̀rinrin tó wà láyìíká wa sì rèé, ohun tí olú tó ń jẹ igi ń wá gan-an ni.

Ará Amẹ́ríkà kan wà tó ń jẹ́ Alex Shigo, àjọ ìjọba tó ń mójú tó igbó níbẹ̀ ló bá ṣiṣẹ́. Ọkùnrin yìí fi ayùn la ẹgbẹẹgbẹ̀rún igi láti òkè délẹ̀, kó lè rí ohun tí ọgbẹ́ ń dà nínú wọn. Ìwé kékeré tí òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan gbé jáde ní 1977 ṣàlàyé pé ọgbẹ́ igi kì í san bíi ti ara èèyàn. Odi ni igi máa ń mọ yí ibi tó bàjẹ́ ká, á wá máa dàgbà lọ ní ìta odi náà. Ọgbẹ́ kékeré, odi kékeré. Ti igi tí wọ́n bẹ́ lórí ń kọ́?

Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí gan-an ni igi tó wó lulé ládùúgbò wa nínú òjò tó kọjá. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan orí rẹ̀ rí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo wa lọ wò ó: ìdí rẹ̀ ti hú pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀, ó nà gbalaja. Lápá kan, gbòǹgbò rẹ̀ já wálawàla bí okùn tó gbó. Lápá kejì, wọ́n mọ́ lẹ́nu tónítóní, wọ́n dúdú, wọ́n sì tò lọ lórí ìlà kan ṣoṣo. Ibi tí wọ́n gbẹ́ kòtò páìpù omi gbà kọjá lọ́dún méjì sẹ́yìn ni. Látọjọ́ náà, ẹsẹ̀ kan ni igi ọ̀hún fi ń dúró.

Ọ̀pọ̀ wa rò pé bí igi ṣe ga tó lókè náà ló jìn tó nílẹ̀. Irọ́ ni. Èyí tó pọ̀ jù nínú gbòǹgbò rẹ̀ kì í ju nǹkan bí 60 sẹ̀ǹtímítà sísàlẹ̀ lọ, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń tàn sí, wọ́n sì máa ń kọjá ibi tí òjìji ẹ̀ka dé dáadáa. Nítorí náà, bí ẹ bá da kọnkéré sórí wọn, tí ẹ da iyẹ̀pẹ̀ bò wọ́n, tàbí tí ẹ sọ ibẹ̀ di ibi ìgbọ́kọ̀sí, wọn ò ní rí afẹ́fẹ́ fà. Tí òjò bá wá rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, tí ilẹ̀ rọ̀, kí ló kù tí wọ́n máa fi di ilẹ̀ mú? Ohun tí ìdí igi fẹ́ kò lówó lórí: ewé gbígbẹ àti igi rírún tó nípọn tó 5 sí 10 sẹ̀ǹtímítà, kó tàn káàkiri, kó má ṣáà kan èèpo ìdí igi.

N ò sọ pé kí a má gé nǹkan kan o. Ẹ̀ka tó ti kú, kí ẹ gé e. Èyí tó gùn jù lórí òrùlé, kí ẹ dín in kù. Àwọn olùwádìí ní University of Florida, ní Amẹ́ríkà, wo àwọn igi ìgboro lẹ́yìn ìjì ńlá tí wọ́n pè ní Andrew ní 1992 àti àwọn mìíràn tó tẹ̀ lé e, wọ́n sì rí i pé èyí tí wọ́n ti ń gé bó ṣe yẹ tẹ́lẹ̀ dúró ju èyí tí ẹnikẹ́ni ò tọ́jú lọ. Àti kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. A ti fi òwe yìí bá ọmọ wí títí a fi gbàgbé pé ọ̀rọ̀ igi ni.

Bí a ṣe ń gé e ló ṣe pàtàkì. Ẹ wo ìdí ẹ̀ka dáadáa, ẹ máa rí ibì kan tó wú díẹ̀, tí èèpo rẹ̀ ká jọ bí ọrùn ẹ̀wù. Ìta ibẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kí ayùn gbà, kó má wọnú rẹ̀, kó má sì jìnnà sí i débi tí kùkùté á fi ṣẹ́ kù. Bí ẹ̀ka bá wúwo, ẹ kọ́kọ́ là á lábẹ́ níwájú díẹ̀, kí ẹ tó gé e láti òkè, nítorí pé bí ẹ bá gé e láti òkè nìkan, kó tó já á ti bó èèpo igi wálẹ̀ bí ẹni bó awọ ẹran. Lọ́dún kan, kí ohun tí ẹ máa gé má kọjá ìdá kan nínú mẹ́rin ewé rẹ̀. Bí igi bá sì ti darúgbó, kó kéré sí i. Kò sídìí láti kun ọ̀dà sójú ọgbẹ́, kì í dá jíjẹrà dúró. Ẹni tó bá fẹ́ fi bàtà onírin tó ń gún èèpo gun igi yín, ẹ ní kó máa lọ ilé rẹ̀.

Ọ̀pẹ àti igi àgbọn ni ìyà ń jẹ jù. Wọ́n á gé gbogbo imọ̀ rẹ̀ kúrò, á ku ẹyọ méjì mẹ́ta lókè bí irun orí ọmọ tuntun. Imọ̀ tó ti gbẹ nìkan ló yẹ kí wọ́n gé. Èso àgbọn ni kí wọ́n ká kí ìjì tó dé, torí òun ló ń fò lu fèrèsé.

Àwọn igi kan wà tó yẹ kí wọ́n gé lulẹ̀ lóòótọ́: èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dagun, tí ilẹ̀ ìdí rẹ̀ ń sán, èyí tí olú ń hù ní ìdí rẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹ pe ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ kó wá wò ó kí ẹ tó pe ẹni tó ní ayùn. Bí wáyà iná bá sì wà nítòsí, ẹ má dá a dán wò rárá.

Ní ti igi máńgòrò wa, ẹnì kan ti ń fi okùn gùn ún lọ́dọọdún báyìí, ó ń ṣa ọ̀mùnú wọ̀nyẹn díẹ̀díẹ̀, ó ń fi èyí tó lágbára sílẹ̀. Ó ní ó máa gba ọdún mélòó kan sí i. Bí ẹ bá fẹ́ àwòrán tí ẹ máa fi rọ́pò tọ̀sẹ̀ tó kọjá, géètì wa ṣí sílẹ̀. Ẹ ṣáà sọ fún ayàwòrán yín pé kó ya ìdí rẹ̀ náà.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ìyá Onímáńgòrò