Ìkéde Nípa Ìrìn-Àjò Ẹgbẹ́ sí Charleston

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Atlanta, a kí yín o. Ìpàdé ti fẹnu kò pé òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ tí yóò parí oṣù tó ń bọ̀ ni a ó gbéra lọ sí Charleston ní South Carolina, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1670. Ìrìn nǹkan bíi wákàtí márùn-ún ni, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè dé.

Ní ọjọ́ Sátidé, a ó kọ́kọ́ lọ sí International African American Museum tí wọ́n ṣí ní 2023. Orí Gadsden's Wharf gan-an ni wọ́n kọ́ ọ sí, èbúté tí wọ́n ti ń kó àwọn èèyàn wa sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ ẹrú, nítorí náà mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí a kánjú kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Old Slave Mart, ilé tí wọ́n ti ń ta ẹrú láyé àtijọ́, ní Chalmers Street. Òkúta gbágungbàgun ni wọ́n fi tẹ́ títì ibẹ̀, kí àwọn ìyá wa wọ bàtà pẹlẹbẹ. Ní ọjà, ẹ ó rí àwọn obìnrin Gullah, ìran àwọn ará Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú wá sí etíkun ibẹ̀, tí ń fi koríko hun apẹ̀rẹ̀. Ẹ má ná an ní ìnákúnàá, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni.

Bí a bá ń bọ̀ ní ọjọ́ Àìkú, a ó yà ní abúlé Ọ̀yọ́túnjí, nítòsí Sheldon, tí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà fi àṣà wa tẹ̀ dó ní 1970. Kí owó ọkọ̀ dé ọwọ́ akápò kí oṣù yìí tó parí.