Ẹ Pe Òṣèré Kí Ẹ Tó Kọ Pé Ó Ti Fi Iṣẹ́ Sílẹ̀

Olóòtú mi,

Okun o. Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Inú ló ń bí mi tí mo fi kọ lẹ́tà yìí, n kò sì ní fi pa mọ́ fún yín. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, nígbà tí a jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Kàbbà níbí, ìyá àgbà kan tí gbogbo wa ń bọ̀wọ̀ fún fa àbúrò mi ọkùnrin, tó jẹ́ òṣèré, sí ẹ̀yìn ọkọ̀, wọ́n sì ki owó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Náírà 500 ni, wọ́n ti ká a kékeré bí ẹni ká ewé oògùn. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, gba èyí, fi ra nǹkan jẹ. A ti gbọ́. Ọlọ́run kò ní fi ọ́ sílẹ̀." Omi ti dé ojú wọn. Àbúrò mi dúró síbẹ̀ pẹ̀lú owó náà lọ́wọ́, kò rí ohun kan sọ ju "ẹ ṣé, mà" lọ.

Kí ni wọ́n gbọ́? Wọ́n gbọ́ pé ó ti fi tíátà sílẹ̀, pé àìsàn ń ṣe é, pé ìdí nìyẹn tí a kò fi rí i nínú fíìmù mọ́. Ìwé ìròyìn kan ló gbé e jáde, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Láti ibẹ̀ ló ti bọ́ sórí fóònù, tó sì ń ti ọwọ́ ẹnìkan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn láti Ẹ̀gbẹ́ títí dé Ọbajánà. Nígbà tó wá délé, tí àwọn èèyàn rí i pé orí rẹ̀ dán, tí irùngbọ̀n sì bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, wọ́n ní òótọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ló fárí sí! Bàbá arúgbó kan ló fẹ́ ṣe lórí ìtàgé l'Ékòó, olùdarí eré náà ló ní kó fárí, kó sì dá irùngbọ̀n sí.

Kò sí ẹni tó pè é. Ẹni tó kọ ìròyìn náà kò pè é. Ẹni tó gbà á tó tẹ̀ ẹ́ jáde kò pè é. Nọ́ńbà fóònù tó ń lò láti bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ló ṣì ń lò, ó sì máa ń gbé e tí wọ́n bá pè.

Ọjọ́ mẹ́rin ló lò nílé mi, nítorí náà ohun tí ojú mi rí ni mò ń sọ. Ní alẹ́ Sátidé, wọ́n mú iná lọ. A gbé tọ́ọ̀ṣì lé orí àpótí, ó sì mú ìwé eré rẹ̀ jáde. Ó ti fi bírò pupa fàlà sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tó jẹ́ tirẹ̀, etí ìwé náà ti ká, tíì ti ta sí i lára. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka ti ìyàwó." Mo wọ awò ojú mi, mo ń ka ti ìyàwó, òun ń sọ ti bàbá láìwo ìwé. Ìgbà mẹ́ta ló dá mi dúró. Ó ní, "Ẹ má tètè dá mi lóhùn níbẹ̀ yẹn, ẹ̀gbọ́n mi. Bàbá náà ò tíì dákẹ́ tán." Nígbà tó fẹ́ jókòó, ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ òsì wá àga lẹ́yìn rẹ̀ kó tó rọra sọ̀ kalẹ̀, bí bàbá wa ṣe máa ń ṣe gẹ́lẹ́ ní ọdún tí wọ́n lò kẹ́yìn láyé. Omi bọ́ lójú mi. Aago mọ́kànlá òru ti kọjá nígbà yẹn. Ẹni tí wọ́n ní ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìròyìn òṣèré, ṣé ẹ mọ bí iṣẹ́ yìí ṣe ń lọ ni? Eré orí ìtàgé lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ìdánrawò, láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, kí wọ́n tó fi í han èèyàn ní òpin ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Tí wọ́n bá ti pa iná gbọ̀ngàn, ó parí nìyẹn. Ẹni tí kò bá sí níjòkòó lọ́jọ́ náà kò ní rí i. Ti fíìmù tún wá yàtọ̀. Wọ́n lè yà á tán lónìí kó tó oṣù mélòó kan, àní kó tó ọdún kan, kó tó jáde: wọ́n á gé e, wọ́n á to ohùn àti orin sí i, wọ́n á wá ẹni tí yóò rà á, tàbí kí wọ́n dúró de ìgbà tó dára láti gbé e sórí YouTube. Èyí tí àbúrò mi lọ yà ní ìgbèríko Ìbàdàn lọ́dún tó kọjá, tó sùn lókèṣàn, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń ya fíìmù, fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí ẹ̀fọn fi ibà ránṣẹ́ bá a délé, ẹnikẹ́ni kò tíì rí i títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ìgbà tí ẹ bá ní ẹ ò rí òṣèré yẹn gan-an, ó lè jẹ́ ìgbà náà ni ọwọ́ rẹ̀ kún jù.

Ìròyìn tí wọ́n gbé jáde yẹn sì ti ba iṣẹ́ àbúrò mi jẹ́. Ẹnìkan tó fẹ́ gbé e sínú sìríìsì ti lọ mú ẹlòmíràn, ó ní òun gbọ́ pé ara rẹ̀ kò yá. Onílé rẹ̀ l'Ékòó ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè owó ilé tí àsìkò rẹ̀ kò tíì tó. Kò sí ẹni tó pè é, òun ló wá ń pe gbogbo ayé kiri pé òun kò kú, òun kò sàìsàn.

Mo rántí nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí Kàbbà ṣì wà lábẹ́ Kwara, ṣáájú ọdún 1991 tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Kógì sílẹ̀. Ayé àwọn tíátà alárìnkiri nìyẹn, irú èyí tí Hubert Ogunde ti là ọ̀nà rẹ̀ sílẹ̀ láti ọdún 1945. Tí ẹgbẹ́ òṣèré bá ń bọ̀, ọkọ̀ wọn á ti kọ́kọ́ yí ìlú ká pẹ̀lú gbohùngbohùn. A mọ orúkọ ọ̀gá wọn, a mọ eré tí wọ́n fẹ́ ṣe, a mọ alẹ́ wo ni, a mọ iye owó ìwọlé. Àwa ọmọdé á máa sáré tẹ̀lé ọkọ̀ náà títí dé ọjà. Lónìí, fóònù wà lọ́wọ́ tọmọdé tàgbà, ṣùgbọ́n ohun tí à ń kà nípa òṣèré kò ju ìkọ̀sílẹ̀, ọkọ̀ tuntun, ìjà, àìsàn àti ikú lọ. Àwọn oníròyìn lè dárúkọ ọkọ tí òṣèrébìnrin kan ti kọ̀ sílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, wọn kò lè sọ eré tí obìnrin náà ń ṣe lọ́sẹ̀ yìí.

Àwọn aláṣẹ wa kò sì sàn jù. Ìgbà ìpolongo ìbò nìkan ni wọ́n máa ń rántí pé Yàgbà, Ìjùmú, Búnú àti Kàbbà ní òṣèré. Wọ́n á pè wọ́n kí wọ́n wá jó, kí wọ́n wá pa èèyàn lẹ́rìn-ín, tí ìbò bá ti wọlé, ó tán. Inú mi dùn pé wọ́n tún Gbọ̀ngàn Tíátà Orílẹ̀-Èdè ní Ìgànmú ṣe, èyí tí wọ́n ṣí lọ́dún 1976, tí wọ́n sì fi sọrí Wọlé Ṣóyínká lọ́dún 2024. Ṣùgbọ́n odidi ọjọ́ kan ni ènìyàn yóò fi rìn láti Kàbbà gba Òmùò, Adó-Èkìtì àti Àkúrẹ́ kó tó dé Èkó lọ wo ọmọ tiwa. Kí wọ́n tún gbọ̀ngàn ìlú wa ṣe, kí iná àti àga wà níbẹ̀, kí àwọn ọmọ wa lè wálé ṣeré fún wa. Kí àwọn ilé iṣẹ́ rédíò wa náà máa pè wọ́n síbẹ̀.

Ohun tí mo wá bẹ̀ yín fún gan-an rèé, Olóòtú. Ẹ ya igun kan sọ́tọ̀ nínú ìwé ìròyìn yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún iṣẹ́ tí àwọn òṣèré wa ń ṣe lọ́wọ́. Kò ní láti gùn, ìlà mẹ́rin márùn-ún tó fún ẹnìkan. Kí òṣèré fúnra rẹ̀ fi ránṣẹ́, kí ẹnìkan lọ́dọ̀ yín sì pè é kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ kọ ọ́ bóyá ó wà ní ìdánrawò, bóyá ó wà lókèṣàn, bóyá ó ti yà á tán tó ń dúró kó jáde. Tó bá jẹ́ eré ìtàgé, ẹ kọ gbọ̀ngàn, ọjọ́, aago àti owó ìwọlé. Tó bá ń sinmi, ẹ kọ ọ́ pé ó ń sinmi, nítorí ẹni tó ń sinmi kò tíì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ má gba owó lọ́wọ́ wọn, nítorí tí ẹ bá gba owó, àwọn tó ti lówó nìkan ni a ó máa kà nípa wọn, àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láti Mọ̀pà àti Ìsánlú kò ní ráyè. Ọjọ́bọ̀ ni kó máa jáde, kí àwọn ará ilé tó wà l'Ékòó, Ìbàdàn àti Àbújá lè mọ ibi tí wọn yóò lọ ní òpin ọ̀sẹ̀. Tí ẹ bá sì ṣàṣìṣe nípa ẹnìkan, kí àtúnṣe rẹ̀ wà ní igun kan náà, kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi bí ti àṣìṣe náà. Ní ti ọ̀rọ̀ ọkọ àti ìyàwó, ẹ jọ̀ọ́, kó má dé ibẹ̀ rárá. Mo jẹ́ olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, mo lè máa bá yín pe àwọn ti Kàbbà níbí lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti àbúrò mi bẹ̀rẹ̀. Ara rẹ̀ yá. Ó padà sí Èkó ní Ọjọ́ Ajé. Ìdánrawò ti ku ọ̀sẹ̀ méjì, aago mẹ́wàá àárọ̀ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀. Fíìmù kan wà tó ti yà tán tí kò tíì jáde. Náírà 500 yẹn wà láàárín ìwé eré rẹ̀, ó ní òun yóò dá a padà fún ìyá náà fúnra òun nígbà tí òun bá wálé Kérésìmesì, nígbà tí irun òun bá ti hù.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n Òṣèré,
Kàbbà.