Ẹ bá wa fi owó lé omi bátìrì

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́. Èmi kì í kọ lẹ́tà. Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi tẹ èyí sórí fóònù, bí mo ṣe ń sọ ọ́ ló ń tẹ̀ ẹ́. Láti ọdún 1987 tí mo ti wọṣẹ́ ṣájà bátìrì ní Òkè Àró níbí ní Àkúrẹ́, nǹkan kan wà tí à ń dà nù lójoojúmọ́ tí ẹnikẹ́ni kò bi wá léèrè rí. Ásíìdì ni, omi inú bátìrì.

Nígbà tí mo wà lọ́mọ iṣẹ́, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni ọ̀gá wa ní ká máa dà á sí. Igi ìbẹ́pẹ kan wà níbẹ̀. Kò tó ọdún kan tó fi gbẹ, koríko kò sì hù níbẹ̀ mọ́ títí ọ̀gá fi kó kúrò. Ẹ̀wù wa lu bí asẹ́. Tí ìyá mi bá ń fọṣọ, kì í da tèmi pọ̀ mọ́ ti àwọn ará ilé. Lọ́dún 1988 la gbọ́ lórí rédíò pé wọ́n kó ìdọ̀tí olóró láti Ítálì wá dà sí Kókò, ìlú kan tó wà ní ìpínlẹ̀ Delta lónìí, tí ìjọba sì ṣòfin lé e lórí lọ́dún náà. Gbogbo wa ní ṣọ́ọ̀bù ló gbé àwọn òyìnbó yẹn ṣépè. Kẹ́ẹ̀gì ásíìdì tí mo fẹ́ lọ dà nù wà lọ́wọ́ mi bí mo ṣe ń ṣépè.

Nígbà tí mo dá dúró, mo yí ọwọ́ padà, mo ń dà á sí gọ́tà. Mo rò pé mo ti gbọ́n ju ọ̀gá mi lọ nìyẹn. Gọ́tà ọ̀hún, Odò Àlà ló ń lọ, odò tí àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ ń bu omi rẹ̀ wọ́n ewébẹ̀ wọn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ọjà wa ṣe rí. Àwọn tó ń ra bátìrì tó ti kọ̀ndẹ́mù, kílò ni wọ́n fi ń rà á, òjé inú rẹ̀ ni wọ́n sì ń wá. Ìwọ̀n òjé yẹn ju ìdajì bátìrì lọ. Kí wọ́n tó gbé e lé òṣùwọ̀n, wọ́n á ní, “Bàbá, ẹ kọ́kọ́ da omi ẹ̀ nù, a ò ra omi.” Mi ò bá wọn jà, ta ló fẹ́ sanwó omi? Ṣùgbọ́n látìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, mi ò tíì rí òjé nílẹ̀ kí ẹnìkan rìn kọjá lára rẹ̀. Ọmọdé á ṣà á, aláàárù á ṣà á. Ike bátìrì pàápàá, wọ́n ń rà á, wọ́n ń lọ̀ ọ́, wọ́n ń fi ṣe ike míì. Ásíìdì nìkan ni kò lówó lórí, òun náà ló wà nínú odò.

Ọmọ mi yìí ka ìmọ̀ nípa irin àti òjé ní yunifásítì FUTA. Òun ló là mí lójú pé ní àwọn ilẹ̀ kan, wọn kì í da omi yìí nù. Wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á yọ òjé inú rẹ̀ kúrò, wọ́n á wá fi amóníà sí i, ìyẹn afẹ́fẹ́ kan tó ń ta èèyàn nímú bí ìtọ̀ tó ti pẹ́. Tó bá gbẹ, á di nǹkan funfun bíi ṣúgà, tí wọ́n ń pè ní amóníọ̀mù sọ́fẹ́ẹ̀tì. Ajílẹ̀ ni. Nínú 100 kílò rẹ̀, 21 jẹ́ náítrójìn, nǹkan bí 24 jẹ́ imí-ọjọ́. Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Láyé àtijọ́, èéfín ibi tí wọ́n ti ń sun èédú tí wọ́n fi ń yọ́ irin ni àwọn òyìnbó ti ń gba amóníà, wọ́n á gbà á sínú ásíìdì, ó di ti àgbẹ̀. Lónìí, ọ̀pọ̀ ajílẹ̀ yìí lágbàáyé, láti ara ohun tó ń ṣẹ́ kù nílé iṣẹ́ tó ń ṣèròjà náílọ́ọ̀nù ló ti ń wá.

Ọmọ mi tún fi irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ kan hàn mí nínú kọ́ọ̀bù. Ó da omi aláwọ̀ aró kan sí i, omi tí bàbà ti yọ́ sínú rẹ̀, irú èyí tí àwọn bàbá wa ń pò mọ́ ẹfun láti fi fín kòkó tí àrùn ń sọ di dúdú. Ó ju ìṣó sí i. Kò pẹ́ tí ìṣó náà fi pọ́n. Bàbà ti jáde wá bò ó, irin sì ń yọ́ lọ sínú omi dípò rẹ̀. Ó ní báyìí làwọn kan ṣe ń gba bàbà padà nínú omi ìdọ̀tí ilé iṣẹ́. Mo fi ìṣó yẹn pa mọ́, ó wà nínú dúróà mi.

Ọmọ mi ní kí n má sọ èyí tó kàn. Mo ní kó tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ ajílẹ̀, mi ò dúró gba ìyókù. Mo lọ bu eérú èèpo kòkó lọ́dọ̀ ìyá mi ní Oǹdó, ẹni tó ń fi se ọṣẹ dúdú. Mo da ásíìdì ògbólógbòó lé e, ó ń hó yeeye. Mo fi omi là á, mo bù ú sídìí àgbàdo tí mo gbìn lẹ́yìn ilé. Ẹ̀yin èèyàn mi, àgbàdo náà dára! Ewé rẹ̀ dúdú mìnìjọ̀. Mo ti ń ṣe fọ́ńté fáwọn aládùúgbò kí ọmọ mi tó dé, tó bojú wò ó, tó ní, “Bàbá mi, òjé inú ẹ̀ ńkọ́? Ta ló bá yín yọ ọ́?” Ó rán mi létí Zamfara lọ́dún 2010, níbi tí òjé inú òkúta tí wọ́n ń lọ̀ láti wá góòlù ti pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé. Mo hú gbogbo àgbàdo náà. Ewúrẹ́ aládùúgbò ti fẹ́ jẹ ẹ́, igi ni mo fi lé e. Nígbà tí mo hú u tán, mi ò mọ ibi tí màá kó o dà sí.

Nítorí náà, mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni máa po ajílẹ̀ nílé. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni ibì kan ṣoṣo ní Àkúrẹ́ tí ṣájà lè gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ lọ, kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n sanwó, kì báà jẹ́ owó péréte. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe á wá máa fọ̀ ọ́ níbẹ̀. Èèpo kòkó náà, ṣebí oko ló ń jẹrà sí títí tí àwọn ọlọ́ṣẹ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ra eérú rẹ̀. Mo ti lọ ọ́fíìsì kan lórí ọ̀rọ̀ yìí, mi ò ní dárúkọ wọn. Wọ́n ní kí n da omi púpọ̀ lé e, kí n wá dà á sí gọ́tà.

Kẹ́ẹ̀gì mọ́kànlá ló wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi báyìí. Mo kọ “MÁJÈLÉ” sí gbogbo wọn lára, mo sì fi páànù bò wọ́n nítorí òjò. Ìyá onílé ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì ìgbà tí màá kó wọn kúrò. Bí ẹnìkan nínú àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn yín bá mọ ibi tí wọ́n ti ń gbà á, ẹ bá mi gba ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Màá fi owó ara mi gbé e lọ.

Èmi ni tiyín,
Bàbá Ṣájà, Òkè Àró, Àkúrẹ́