Àkànní, má tíì san owó sípíkà

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ẹ kú òtútù Manchester, ìwọ àti gbogbo ará ilé. Àwa náà wà níbí. Ọ̀tìgbà, ọjà kọ̀ǹpútà wa n'Íkẹjà, ṣì kún fọ́fọ́ bí o ṣe fi í sílẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ṣì ń bú ramúramù lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wa.

Ọ̀rọ̀ láptọ́ọ̀pù rẹ ni mo fẹ́ tètè dáhùn kí o tó ná owó dànù. O ní láti ìgbà tó ti ṣe update ni ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, pé o gbé fọ́lúùmù dé 100, síbẹ̀ ńṣe ló ń dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò. Ẹni tó bá ọ wò ó ní sípíkà ti kú, ó fẹ́ tú u. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kó tú nǹkan kan. Sípíkà tó bàjẹ́ sábà máa ń ha ni, tàbí kó máa gbọ̀n bí orin bá ròkè, tàbí kí ẹ̀gbẹ́ kan má dún mọ́ rárá. Kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wá lọ sílẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn update, driver ni màá kọ́kọ́ mú.

Driver yìí ni ètò kékeré tó ń bá Windows darí ṣípù tó ń gbé ohùn jáde. Nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù, ti Realtek ni ṣípù náà, ilé iṣẹ́ tó ṣe láptọ́ọ̀pù á sì tún driver rẹ̀ tò kó lè bá sípíkà pẹlẹbẹ inú rẹ̀ mu: ohùn wo ni kó gbé sókè, ibo ni kó dúró kí sípíkà má baà jó. Bí Windows kò bá rí ti ilé iṣẹ́ náà, á fi tirẹ̀ dí i, èyí tó ń jẹ́ High Definition Audio Device. Ìyẹn lè bá ṣípù tó bá tẹ̀ lé ìlànà tí Intel gbé jáde lọ́dún 2004 ṣiṣẹ́, àmọ́ kò mọ irú sípíkà tó wà nínú láptọ́ọ̀pù tìrẹ. Ohùn á jáde, á kàn tín-ín-rín ni.

Ohun tí à ń rí níbí nìyẹn. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ á dé, wọn á fọ inú rẹ̀ mọ́, wọn á gbé Windows tuntun sí i, ó parí. Driver ilé iṣẹ́ ti bá ti àtijọ́ lọ. Oníbàárà á gbé e délé, á ní kò dún tó, ẹnì kan á bá a pààrọ̀ sípíkà, á gba owó rẹ̀, ohùn ò sì ní yí padà. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń bí mi nínú.

Kọ́kọ́ ki earpiece bọ̀ ọ́. Bí ohùn inú earpiece náà bá lọ sílẹ̀, sípíkà kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nìyẹn. Bó bá sì dún ketekete, má tíì dá sípíkà lẹ́bi, torí àtòpọ̀ tí mo sọ yẹn, ti sípíkà nìkan ni, kò kan earpiece.

Lẹ́yìn náà, ṣe right-click lórí Start, ṣí Device Manager, wo abẹ́ Sound, video and game controllers. Bó bá jẹ́ Realtek lo rí, ṣí Properties rẹ̀, lọ sí Driver, tẹ Roll Back Driver, kó padà sí ti tẹ́lẹ̀. Bí ibẹ̀ kò bá ṣeé tẹ̀, tàbí tó jẹ́ High Definition Audio Device lo bá níbẹ̀, lọ sí ìkànnì ilé iṣẹ́ tó ṣe láptọ́ọ̀pù náà, fi nọ́ńbà tó wà nídìí rẹ̀ wá a, kí o gba audio driver tirẹ̀ gan-an. Gbé e sí i, kí o pa á kí o tún un tàn. Àwọn ètò tó ń pariwo pé àwọn á bá ọ wá gbogbo driver, sá fún wọn.

Èyí tí o sọ pé orin máa ń lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tí o bá ń bá Màmá sọ̀rọ̀ lórí Zoom, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Windows ló ń ṣe é: bó bá ti rí i pé o wà lórí ìpè, á dín ohùn yòókù kù ní ìdá 80 nínú 100. Tẹ Windows pẹ̀lú R, kọ mmsys.cpl, lọ sí Communications, kí o mú Do nothing. Màmá ní kí n kí ọ, wọ́n sì ní o máa ń pariwo mọ́ àwọn lórí ìpè. Mo ṣàlàyé fún wọn pé láptọ́ọ̀pù ni, wọn ò gbà.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó sí ọ lórí pé kí o máa gbé ohùn VLC, ètò tí a fi ń gbọ́ orin tí a sì fi ń wo fídíò, kọjá 100. Ohùn á ròkè lóòótọ́, àmọ́ á máa fọ́.

Bí gbogbo èyí kò bá ṣiṣẹ́, gbé Linux, ètò tó lè dípò Windows, sórí flash, fi í tan láptọ́ọ̀pù láìfọwọ́ kan Windows, kí o fi orin sí i. Bó bá dún dáadáa níbẹ̀, kò sí ohun tó ṣe sípíkà rẹ. Bó bá sì tún lọ sílẹ̀ níbẹ̀, ya fọ́tò Device Manager àti ti nọ́ńbà ìdí láptọ́ọ̀pù, fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp kí ẹnikẹ́ni tó tú u.

Èmi ni,
Àlàbí